Ọ̀pẹ Ilẹ̀ Gbígbẹ: Ìtàn Igi Ọ̀pẹ ní Ahoyéyé, Pobè àti Sakété

Nínú gbogbo igi tí Elédùmarè fi jíǹkí ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire, kò sí èyí tí ó bá ọmọ ènìyàn rìn láti ọjọ́ ìkómọjáde títí di ọjọ́ ìsìnkú bí igi ọ̀pẹ. Epo rẹ̀ ni a fi ń se ọbẹ̀, àdín rẹ̀ ni a fi ń pa ọmọ tuntun lára, màrìwò rẹ̀ ni a fi ń ṣe ojúbọ Ògún lọ́ṣọ̀ọ́, ikin rẹ̀ ni babaláwo ń kó sọ́wọ́ kí ó tó lè mọ ohun tí Ọ̀rúnmìlà ń wí, ẹmu rẹ̀ ni a fi ń ṣe àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ọwọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó ilé fi ń gbá ojúde kí oòrùn tó yọ, eérú ìdì rẹ̀ tí a ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ọ̀pẹ ni igi tí í fi orí ru adé màrìwò, abọ́ni-má-ráhùn, igi tí í tọ́ ọmọ olówó tí í sì í tọ́ ọmọ tálákà, tí kì í bèèrè ẹni tí ó gbìn ín kí ó tó so èso.

Bí ènìyàn bá wá sọ pé ọ̀pẹ wà ní ilẹ̀ Pobè àti Sakété, pé ó bo etí ọ̀nà Ahoyéyé lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí ó gbọ́ lè wí pé kò sí ohun tuntun nínú ìyẹn, nítorí pé ibo ni ọmọ Yorùbá ń gbé tí kò sí ọ̀pẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìwà igi yìí, tí ó sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní agbègbè náà, yóò dúró, yóò sì ronú, nítorí pé igi olómi ni ọ̀pẹ, ilẹ̀ tí a ń sọ yìí kò sì ní omi tó o. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹni tí ń ka àròkọ yìí ni pé àìtó òjò yìí gan-an ni ó sọ ilẹ̀ kékeré yìí di ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ti ń kọ́ bí ọ̀pẹ ṣe lè fara da ọ̀dá. Àti pé ọgbọ́n náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé ìwé àti òṣùwọ̀n dé, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Ahoyéyé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè márùn-ún tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Pobè, pẹ̀lú Igana, Issaba, Towé àti Pobè fúnra rẹ̀, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àlà Nàìjíríà kò ti jìnnà. Sakété wà ní gúúsù rẹ̀, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo. Kétu, ilẹ̀ Alákétu, ọ̀kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ Odùduwà, wà ní àríwá. Láàrin Pobè àti Kétu ni àfonífojì ńlá àwọn ará Ọ̀họ̀rí wà, ilẹ̀ dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ nígbà òjò, tí í sì í sán wàràwàrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n orí òkè tí ó tẹ́jú ni Sakété, Pobè àti Ahoyéyé wà, lórí ilẹ̀ pupa tí ó jìn, tí ó rọrùn láti fi ọkọ́ ro, tí omi òjò sì máa ń wọ inú rẹ̀ lọ jìnnàjìnnà. Lórí ilẹ̀ pupa yìí ni ọ̀pẹ ti ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìdí tí ilẹ̀ yìí fi gbẹ nìyí: igbó kìjikìji tí ó bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Liberia wá kò lọ tààrà dé Kamẹrúùnù. Ó já lágbedeméjì. Láti ẹ̀bá Accra ní ilẹ̀ Gáná títí dé itòsí àlà Bẹ̀nẹ̀ òun Nàìjíríà, ọ̀dàn ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá títí dé etí òkun, nítorí pé òjò ibẹ̀ kéré sí ti ọ̀tún àti ti òsì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àwọn adágún gúúsù Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì ka àtíkè òdòdó àtijọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, sọ fún wa pé igbó ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, ojú ọjọ́ yí padà, ọ̀dá wọlé, igbó fà sẹ́yìn, ọ̀dàn sì gba ipò rẹ̀. Ìgbà kì í tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Díẹ̀ nínú igbó àtijọ́ náà kù ní Pobè títí di òní, igbó tí ó wà létí ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ, tí àwọn igi ńláńlá inú rẹ̀ ń jẹ́rìí sí bí ilẹ̀ náà ti rí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gún ún.

Òjò tí ń rọ̀ ní Pobè lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 1,200 mílímítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ ń fẹ́ nǹkan bí 2,000, ó sì ń fẹ́ kí a pín in ká gbogbo oṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń wá: òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Agẹmọ, lẹ́yìn náà òjò a sinmi díẹ̀, àrọ̀kúrò a sì dé ní oṣù Owewe àti Ọ̀wàrà. Láti oṣù Bélú ni ẹ̀ẹ̀rùn ti ń dé, ọyẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti aṣálẹ̀ wá, ètè a máa là, ewé a máa gbẹ, ọ̀run a sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́ta, fún mẹ́rin, nígbà mìíràn fún márùn-ún. Àwọn àgbà wí pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa. Ní ilẹ̀ yìí, a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú.

Báwo ni ọ̀pẹ ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó pọ̀ sí? Ọwọ́ ènìyàn ni. Ọ̀pẹ kì í ṣe igi abẹ́ òjìji. Nínú igbó kìjikìji, kò lè rí oòrùn tí ó tó o. Níbi tí àgbẹ̀ bá ti ṣán oko, tí iná ti jó, tí ilẹ̀ ti là sí oòrùn, ibẹ̀ ni ekùrọ́ tí ọ̀kẹ́rẹ́ gbé sọ nù tàbí tí ẹyẹ já bọ́ ti ń hù. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ekùrọ́ tí iná jó nínú àwọn ibùgbé tí ó ti lé ní 3,500 ọdún ní ilẹ̀ Gáná, èyí tí ó fi hàn pé láti ìgbà tí àwọn ènìyàn apá ibí ti ń dá oko ni àwọn àti ọ̀pẹ ti jọ ń gbé.

Àwọn baba wa kì í gbin ọ̀pẹ bí a ti ń gbin iṣu, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ bí igi tí kò ní olówó. Nígbà tí àgbẹ̀ Ahoyéyé bá ń fi àdá ṣán ilẹ̀ tuntun, bí ó bá kan ọmọ ọ̀pẹ tí ó ti yọ ewé mẹ́rin márùn-ún, a yí àdá padà, a sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ro ọkà, a ro ìdí ọ̀pẹ náà mọ́ ọn. Bí ọ̀pẹ náà bá dàgbà tí kò so dáadáa, a gé e fún ẹmu. Bí ó bá so púpọ̀, a dá a sí, ekùrọ́ irú èyí bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń bọ́ sínú oko kiri. Lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyí ni àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ ti ń dàgbà. Ọwọ́ méjì ni ó ń ṣa irúgbìn nígbà náà: ọwọ́ àgbẹ̀ tí ń dá èyí tí ó sunwọ̀n sí, àti ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí ń pa èyí tí kò lè fara dà á. Bí ó ti ń lọ láti ìran dé ìran nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń lọ.

Nítorí pé ọ̀pẹ ṣòro láti tọ́ dàgbà, òfin tí ó yí i ká le. Ní agbègbè yìí, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè má ni ọ̀pẹ orí rẹ̀. Ọ̀pẹ ní olówó tirẹ̀, a ń jogún rẹ̀, a sì lè fi í dógò. Bí ìnáwó ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó bá ká bàbá kan mọ́, a fi ogún ọ̀pẹ tàbí ọgbọ̀n lé ẹni tí ó yá a lówó lọ́wọ́, ẹni náà a sì máa kó ẹyìn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá san gbèsè náà tán. Ìyà ńlá ni fún ọmọ ọlọ́pẹ láti máa wo ìdì ẹyìn tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí igi baba rẹ̀, kí ó má sì gbọdọ̀ gbé igbà kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ agbolé ni ó fi ọ̀pẹ dógò tí ó pẹ́ títí tí àwọn ọmọ-ọmọ kò fi mọ iye tí a yá mọ́. Iṣẹ́ ìgùn jẹ́ ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyìn bá ti délẹ̀, ọ̀ràn di ti obìnrin, àwọn ni wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fún epo rẹ̀, owó ekùrọ́ tí wọ́n bá sì pa jẹ́ tiwọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ra aṣọ, tí wọ́n fi san ẹgbẹ́, tí wọ́n sì fi tọ́mọ.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀pẹ kúrò ní ohun jíjẹ inú ilé, tí ó di ohun tí àwọn ọba ń tìtorí rẹ̀ gbèrò. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ, àbẹ́là àti ẹ̀rọ onírin ní ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo kiri, tí òwò ẹrú sì ń di èèwọ̀ lójú òkun, Gẹ́zò ọba Dàhọ̀mì, tí ó jọba láti 1818 títí di 1858, mú ọ̀ràn ọ̀pẹ ní ọ̀kúnkúndùn, ó sì ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e lulẹ̀. Ní 1841, ilé òwò Régis ti Marseille tẹ̀dó sí Ouidah láti máa ra epo. Ní ìhà tiwa, Àjàṣẹ́ ni ọjà epo àwọn ará Sakété àti Pobè, òwò náà sì ń lọ láìka ogun Dàhọ̀mì sí, ogun tí ó run Kétu ní 1886 tí ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò nílé baba wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ògún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn kan pín ilẹ̀ náà lórí ìwé, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé, àwọn ìbátan wọn ní òdìkejì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pẹ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò mọ̀ pé a ti pín òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n la ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété kọjá dé Pobè, epo àti ekùrọ́ sì ni ẹrù tí ọkọ̀ náà ń rù jù lọ.

Ní 1922 ni ìjọba Faransé dá ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀pẹ tí ó jáde láti Áfíríkà lọ sí ìlà-oòrùn ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀pẹ ilé dupò lọ́jà, ìtàn bí ó ṣe dé ọ̀hún sì yẹ ní gbígbọ́. Ní 1848, a gbin ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin péré sínú ọgbà igi ìjọba ní Bogor, ní erékùṣù Java, àwọn òyìnbó Holland tí wọ́n gbìn ín kò sì tìtorí epo ṣe é. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n rí. Ọmọ àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Deli ní erékùṣù Sumatra, níbi tí àwọn àgbẹ̀ tábà ti tò ó sí etí ọ̀nà oko wọn fún ọ̀ṣọ́, kí ojú ọ̀nà lè dára, kí àlejò lè yìn wọ́n. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí ẹnì kan tó wò ó bí ohun èrè: ní 1911, Adrien Hallet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ ní Sumatra láti inú ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ní 1917, Henri Fauconnier, ọmọ Faransé, gbin tirẹ̀ sí Màléṣíà. Láti inú igi mẹ́rin ni ọ̀pẹ Deli ti bo ilẹ̀ tí ojú kò lè tán, ìdì rẹ̀ sì tóbi. Níbẹ̀ òjò ń rọ̀ lóṣooṣù, ọ̀pẹ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rù ba àwọn tí ń ṣòwò epo Áfíríkà, àwọn ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbà ìwádìí sílẹ̀: Pobè ní Dàhọ̀mì (ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí), La Mé ní Côte d'Ivoire, Yangambi ní Kóńgò ti Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dá tiwọn sílẹ̀ ní itòsí ìlú Ìbíní ní 1939, èyí tí a mọ̀ sí NIFOR lónìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ wá rí ni ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ nígbà tí wọ́n ń pa ekùrọ́: pé ọ̀pẹ kan wà tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn tí ẹran rẹ̀ kò sì pọ̀, pé òmíràn wà tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí epo rẹ̀ sì pọ̀, àti pé òmíràn tún wà tí kò ní èèpo rárá, ṣùgbọ́n tí ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà lórí igi kí ó tó pọ́n. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen ní Yangambi fi hàn pé bí a bá gbé èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn fún èyí tí kò ní èèpo, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ eléèpo fẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti lè bí ọ̀pẹ tí ó dára bí a ti ń fẹ́, láìdúró de oríire. Ní àwọn ọdún 1940, ilé ìwádìí Faransé tí a ń pè ní IRHO gba Pobè sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ní 1946 sì ni Pobè, La Mé, Sibiti ní Kóńgò ti Faransé, Yangambi àti àwọn oko ilé iṣẹ́ SOCFIN ní Màléṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ irúgbìn. Àwọn ọ̀pẹ Deli ń so ìdì díẹ̀ tí ó wúwo. Ọ̀pẹ Áfíríkà ń so ìdì púpọ̀ tí ó fúyẹ́. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀ ní ìyàwó àti ọkọ, èso àwọn ọmọ wọn ju ti òbí méjèèjì lọ. Bí ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ ṣe padà wá sílé baba rẹ̀ láti wá fẹ́ aya nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Pobè ní ẹ̀kọ́ tí àwọn yòókù kò ní, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀dá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe sí ọ̀pẹ, kí ó gbójú sókè wo orí rẹ̀ ní oṣù Èrèlé. Nígbà tí omi bá pọ̀, ọ̀gọ̀mọ̀ kan ni yóò dúró gbọnrangandan láàrin orí igi, kò sì ní í pẹ́ kí ó tó là, kí ó tó di imọ̀, kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pẹ tí ó dàgbà lè yọ imọ̀ tí ó lé ní ogún lọ́dún. Nígbà tí omi bá tán, ọ̀gọ̀mọ̀ ń yọ ṣùgbọ́n kò lè là. Ìwọ yóò rí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n dì pọ̀ bí ọ̀kọ̀ tí a so, tí wọ́n ń dúró de òjò. Ọ̀gọ̀mọ̀ tí ó ní òun yóò kan ọ̀run, àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Lẹ́yìn èyí, imọ̀ ìsàlẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, a sì ṣẹ́ lágbedeméjì, a rọ̀ mọ́ ara igi. Bí ọ̀dá náà bá le jù, ọ̀gọ̀mọ̀ àárín a wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Igi tí ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀ bá wó báyìí, ikú ti ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Èyí tí ojú kò rí pọ̀ ju èyí tí ojú rí lọ. Nínú orí ọ̀pẹ, òdòdó tí yóò là lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ti ń yàn bóyá akọ ni òun yóò jẹ́ tàbí abo. Bí ọ̀dá bá bá a ní àkókò náà, akọ ni yóò yàn, akọ kì í sì í so ẹyìn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún tí ọ̀dá mú, bí ti 1983 tí iná jó oko ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àgbẹ̀ lè rí òjò tí ó tó ní ọdún kejì kí ọ̀pẹ rẹ̀ má sì so, kí ó máa rò pé ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀. Gbèsè ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ti kọjá lọ ni igi náà ń san.

Àwọn onímọ̀ Pobè kọ́ láti ka gbèsè náà. Wọ́n ṣírò pé ọ̀pẹ ń fẹ́ omi 150 mílímítà lóṣù, tàbí 120 ní oṣù tí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ tí ó ju mẹ́wàá lọ; wọ́n ka omi tí ilẹ̀ lè fi pamọ́ sí 200; wọ́n yọ òjò tí ó rọ̀ kúrò nínú ohun tí igi ń fẹ́, wọ́n sì ro àìtó oṣù kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àìtó ọdún kan ní Pobè sábà máa ń ju 400 mílímítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oko Màléṣíà kan kò ní àìtó kankan. Oko tí ó dà bí ìdánwò báyìí kò sí lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n gbin àwọn ọmọ ọ̀pẹ láti ìran oríṣiríṣi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ìdájọ́, wọ́n sì ka òkú àti alààyè. Àwọn tí baba wọn ti La Mé wá fara dà á ju àwọn tí baba wọn ti Yangambi wá lọ. Ìdílé kan lè kú tán, kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa wo ojú oòrùn. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ bá wọlẹ̀ jìnnà nínú ilẹ̀ pupa náà, tí ó sì tètè ń pa ihò tíntìntín tí ewé rẹ̀ fi ń mí dé nígbà ọyẹ́, ni ó ń là á já. Ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn àti àgbẹ̀ ti ń ṣe ní ìdákẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ń ṣe ní gbangba báyìí, pẹ̀lú ìwé àti òǹkà.

Nígbà tí Dàhọ̀mì gba òmìnira ní 1960, ìjọba tuntun náà gbé ireti rẹ̀ ka orí ọ̀pẹ. Òfin kan jáde ní 1961 tí ó fún ìjọba lágbára láti kó ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ pọ̀ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí a sì gbin ọ̀pẹ tí Pobè ti ṣà sí i. Oko ńláńlá jáde, ilé ìfúnpo dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sọ pé ilẹ̀ baba àwọn di èyí tí àwọn ń ṣe alágbàṣe lórí rẹ̀, inú wọn kò sì dùn sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀ràn náà yí padà: àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pẹ Pobè ra, ẹnì kan hẹ́kítà kan, ẹnì kan ìdajì, láìsí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Ọgbà ìwádìí náà, tí ó wà lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ INRAB lónìí, ń mú ekùrọ́ tí ó ti hù jáde fún àwọn tí ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ káàkiri Bẹ̀nẹ̀, irúgbìn rẹ̀ sì ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú.

Ẹ wo bí a ti ń bí ọmọ ọ̀pẹ yìí. Ekùrọ́ a máa sùn. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ lásán, ó lè lo ọdún kan kí ó tó jí. Nítorí náà ni a ṣe ń fi í sí iyàrá gbígbóná fún nǹkan bí ọgọ́rin ọjọ́, kí oorun lè dá lójú rẹ̀, kí a tó rẹ ẹ́ lómi. Nígbà tí ó bá sọ ìwo funfun kékeré jáde, a gbé e sínú àpò dúdú kékeré tí a rọ ilẹ̀ sí, lábẹ́ òjìji. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin a gbé e sínú àpò ńlá ní gbangba oòrùn, a sì ń bomi rin ín jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti múlẹ̀ ni a ń kó o lọ sóko, a ń fi mítà mẹ́sàn-án sí àárín wọn ní igun mẹ́ta mẹ́ta, kí hẹ́kítà kan lè gba 143. Ẹni tí ó bá gbìn ín nígbà àrọ̀kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìtọ́jú dé, ó sì rí bákan náà fún ẹni tí ó ń gbin oko àti ẹni tí ó ń gbin ọ̀pẹ kan ṣoṣo sí ojúde fún ẹwà. Kí ó fi àwọ̀n onírin tàbí ọparun yí ọmọ ọ̀pẹ ká, nítorí pé ọ̀yà àti òkété fẹ́ràn ọkàn rẹ̀ tí ó rọ̀. Kí ó ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí koríko má baà bá a du omi. Kí ó tẹ́ imọ̀ gbígbẹ sí àárín ọ̀wọ́ igi kí ọ̀rinrin má baà fò lọ. Kí ó má ṣe gé imọ̀ tútù sọ nù nítorí ìmọ́tótó, nítorí pé oúnjẹ ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀. Kí ó sì dá eérú ìdì ẹyìn padà sí ìdí igi, nítorí pé ilẹ̀ pupa wa kò ní èròjà pọ́táàṣì tó, ọ̀pẹ tí ebi èròjà yìí ń pa kì í sì í lè dúró níwájú ọ̀dá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgboro lóde òní ń ra ọ̀pẹ àjèjì fún ọ̀ṣọ́ iwájú ilé, wọ́n ń bomi sí i lójoojúmọ́, ó sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ tí ó ti bá ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa jà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wà nítòsí, tí ẹwà rẹ̀ ti tó kí àwọn òyìnbó fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ní òpin ayé.

Mo kọ èyí nítorí pé ewu kan ń bọ̀. Bí ọ̀pẹ tuntun ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń gé àwọn ọ̀pẹ àtijọ́ ní Ahoyéyé, Sakété àti ìgbèríko wọn, fún ilé, fún ọ̀nà, fún ògógóró tí wọ́n ń pè ní sodabi. Àwọn igi wọ̀nyí ga, ẹyìn wọn kéré, ó sì ṣòro láti gùn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ti rí ọ̀dá ọdún mélòó kọjá tí wọn kò kú. Irúgbìn tí a kó láti ibòmíràn lè so ju tiwọn lọ lónìí, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá tún yí padà, bí àìtó òjò bá tún pọ̀ sí i, inú ìran àwọn igi wọ̀nyí ni àwọn tí ń ṣa irúgbìn yóò padà sí láti wá agbára tí wọ́n nílò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọgbà ìwádìí àti ọgbọ́n oko àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa rìn.

Nítorí náà, kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn olórí agbolé pàṣẹ pé kí a má ṣe gé gbogbo ọ̀pẹ àtijọ́ tán. Kí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n rántí ọ̀dá ọdún 1983 fi àmì sí àwọn igi tí ó là á já, kí wọ́n sì fi wọ́n han àwọn onímọ̀ ti Pobè, kí a lè gba ekùrọ́ wọn pamọ́. Kí àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ wo ọgbà ìwádìí náà, kí wọ́n mọ̀ pé ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé ní ohun tí ó ń kọ́ ayé. Ọ̀pẹ tí ó ti la ọ̀dá kọjá lórí ilẹ̀ wa ni irú tí ó yẹ kí a fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, iṣẹ́ àti tọ́ ọ sì wà lọ́rùn àwa tí a wà láàyè lónìí.